Hóró Méje Lábẹ́ Ahọ́n Ọdẹ́rìndé

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1958, Ọdẹ́rìndé, ọdẹ àgbà abúlé Olókùúta, fi irúgbìn àgbàdo gbogbo abúlé yan gúgúrú, ó sì jẹ ẹ́ tán ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ọjọ́ náà ni ó pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ará abúlé ti gbin àgbàdo lọ́dún náà. Ti àkọ́kọ́ hù, ó ga dé orúnkún, ó gbẹ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì hù, ó ga dé kókósẹ̀, ó gbẹ. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ yọjú. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ wò, wọ́n bá hóró náà níbi tí wọ́n fi í sí, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹjọ́ lọ̀ tí kò fẹ́ dá sí i.

Ìdì àgbàdo kan ni ó kù, odindi mẹ́rin tí a fi èèpo wọn so pọ̀. Ní Olókùúta, orí ààrò ni à ń so irúgbìn kọ́ sí, kí èéfín máa ta á, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Baálẹ̀ Olóyèdé gbé ìdì náà fún Ọdẹ́rìndé pé kí ó so ó kọ́ sí ilé ìdáná tirẹ̀, nítorí pé ó ní ìbọn, olè kò sì ní gbójú débẹ̀. Olè tí yóò ti ìta wọlé ni gbogbo ènìyàn ń rò. Kò sí ẹni tí ó rò ó pé olè lè ti máa sùn sínú ilé.

Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ti lọ pọn omi ní ibi tí odò wà tẹ́lẹ̀. Ebi ń pa ọdẹ. Ó gbójú sókè, ó rí ìdì àgbàdo. Ó ní òun yóò mú hóró márùn-ún péré. Nígbà tí yóò fi mọ ohun tí ó ń ṣe, kùùkù mẹ́rin ni ó ń wò.

Baálẹ̀ dé kí ó tó nu ẹnu.

"Ọdẹ́rìndé, òórùn gúgúrú ń ti ilé rẹ bọ̀."

"Òórùn ẹ̀tù ni, baba. Mo yìnbọn fún eku kan."

"Eku náà ńkọ́? Ya ẹnu."

Ọdẹ́rìndé yanu. Ó ní eyín èrìgì kan tí kòkòrò ti jẹ ní ihò. Inú ihò náà ni gúgúrú kan jókòó sí, ó funfun, ó gbọ̀rẹ̀gẹ̀jigẹ̀, ó ń wo Baálẹ̀.

Àwẹ̀ró ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò òfìfo. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ yọ eyín yẹn."

Baálẹ̀ kò pariwo. Ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Ẹni tí ó jẹ iṣu tí ó tún jẹ èèbù, kí ni yóò kó lọ sóko lámọ́dún? Òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́rìndé. Bí ó bá rọ̀ tí a kò ní hóró kan lọ́wọ́, koríko ni yóò máa bá ṣeré, àwa a sì tú ká. O máa ń sọ fún wa pé kò sí igbó tí o kò tíì wọ̀. Wọ èyí tí irúgbìn ti wá, kí o mú òmíràn bọ̀. Má padà wálé lọ́wọ́ òfìfo."

Báyìí ni ọdẹ ṣe kó ara rẹ̀ sí ìrìn-àjò. Bí ó ti ń kọjá níwájú ilé ìyá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó kí i, ìyá náà sì súre fún un. Kò gbọdọ̀ má kí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa Àwẹ̀ró lé e lọ́wọ́, níwájú ẹbí méjèèjì, Ìyá Ìsàlẹ̀ sọ ohun kan ṣoṣo: "N kò fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tí mo bá kí ọ tí o kò dá mi lóhùn, ọmọ mi ń bọ̀ wálé." Adìẹ kan ṣoṣo ni ìyá náà ní ní ọdún ọ̀dá yẹn, ó ń ṣa ilẹ̀ gbígbẹ kiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìyókù fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó sábẹ́ àká rẹ̀. Bí ó bá dé ibí yìí, a ta fìlà sẹ́yìn, a ní, "Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ẹ rí mi bí mo ti jókòó yìí? Ẹkùn rí mi lọ́jọ́ náà, ó kí mi." Àwẹ̀ró a sì ti ilé ìdáná dáhùn pé, "Ẹkùn ṣe bí ẹ ti kú ni."

Igbó Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Ẹnu ni ó forí lé. Ní ẹnu ọ̀nà igbó náà ni iwin kan jókòó sí tí ikùn rẹ̀ tó àká mẹ́ta. Oṣè ni orúkọ rẹ̀. Ewé ni irun orí rẹ̀, bíi ti igi oṣè, kò sì pọ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì kúrú, ṣùgbọ́n bí ó bá mí, ọdẹ ń gbọ́ omi tí ó ń ró gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nínú rẹ̀. Ó fi okùn kan wé ìbàdí, ó ń wọn ara rẹ̀.

"Apá mẹ́sàn-án ni mí ní ọdún òjò," ni Oṣè wí, kò gbójú sókè. "Lónìí ó ku méje. Inú mi ni mo ti ń pọn omi."

"Ẹ kú ìjókòó, baba. Ẹ ta mí ní omi díẹ̀."

"Nígbà tí òjò ń rọ̀, mo mu tèmi, mo tọ́jú rẹ̀. Kí ni ìwọ ń ṣe nígbà tí òjò ń rọ̀?"

Ọdẹ́rìndé rò ó. "Mo ń sọ ìtàn fún àwọn ènìyàn."

"Lọ mu ìtàn. Tàbí kí o já àlọ́ mi. Ó ní ẹgbẹ̀rún ẹnu, kò sọ̀rọ̀ rí. Bí ó bá yanu, òùngbẹ a gbẹ ẹ́. Bí ó bá panu mọ́, ebi a pa á. Kí ni?"

Ọdẹ kò lọ́ra. "Àwọn àna mi ni."

Ikùn Oṣè mì. "Àwọn àna rẹ kò sọ̀rọ̀ rí?"

Ọdẹ́rìndé dorí kodò. "Baba, mo ti ṣì í."

"Wọlé," ni Oṣè wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ni o ó gbà jáde. Bí o bá padà dé tí o kò sì mọ̀ ọ́n, màá jókòó lé ọ lórí."

"Fún ìgbà wo, baba?"

"Èmi kì í tètè dìde."

Ọdẹ́rìndé wọ igbó, ó rìn títí ó fi dé ìlú àwọn ohun ọ̀gbìn. Ọ̀dá ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ni ọkùnrin kan tí ó dúró ní ìhòòhò níwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tí aṣọ bíi ọgọ́rùn-ún wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Má wò mí!" ni ọkùnrin náà kígbe. "Èmi ni Kókó. Òùngbẹ gbẹ mí, mo bọ́ ọ̀kan. Ó tún gbẹ mí, mo bọ́ méjì. Aṣọ ni ó ń fa omi lára ènìyàn, ṣé o mọ̀?"

"Ẹ̀yin tí gbogbo ayé ń pè ní olówó?"

"Owó ṣeé mu ni?"

Ọdẹ́rìndé bọ́ fìlà rẹ̀, ó fẹ́ fi bo àṣírí rẹ̀ fún un. Kókó wo fìlà náà, ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Mo dúpẹ́. Fìlà yìí kò tó."

Ní ilé kejì, ìyá àgbà gíga kan jókòó láàárín ọmọkùnrin méjìlá. Ọ̀pẹ ni. "Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀," ni ó wí, "ọkùnrin nìkan ni mò ń bí. Obìnrin ni ó ń so ẹyìn nínú ìdílé wa, ẹyìn sì ń fẹ́ omi. Ọkùnrin kò ná mi ní nǹkan. Òdòdó ni ó ń ṣe kiri." Ọdẹ́rìndé wo àwọn ọmọkùnrin méjìlá tí wọ́n kàn dúró láìṣe nǹkan kan, ó kí ìyá náà kú ewu, ó kọjá.

Lójú ọ̀nà, ó kọsẹ̀ lára obìnrin kan tí ó sùn sílẹ̀ gbalaja, tí ó ń hanrun. Gèlè rẹ̀ wà níbìkan, ìró rẹ̀ wà níbòmíràn. Ọkùnrin kúkurú kan tí ó ń sáré bọ̀ ní, "Ẹ má jí i o! Ẹ̀gẹ́ ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé òjò kò ní wá, ó ju gbogbo ewé ara rẹ̀ dànù, ó kó oúnjẹ rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, ó sùn lé e. Ó ní kí á jí òun bí òjò bá dé."

"Bí òjò kò bá wá dé ńkọ́?"

"A jẹ́ pé oorun náà gùn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá, ìgbéyàwó mi ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀wà ni mí."

"Ẹ kú oríire o, Ẹ̀wà. Olúwa á jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́jú ìyàwó, kí ẹ fi ọwọ́ òsì..."

"Ó ti bímọ."

"Ta ni ó ti bímọ?"

"Ìyàwó mi. Nígbà tí ẹ ń súre lọ́wọ́. Bí omi bá ń tán lọ, baba ọdẹ, ẹni tí yóò bá ní ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó gbọ́ àdúrà gígùn."

Àwọn ọmọ náà ti ń rìn. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wọn fi ń rìn bí alákàn. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé béèrè ìdí rẹ̀, Ẹ̀wà ní òun kò fẹ́ kí oòrùn rí ojú wọn tán. Ó nawọ́ sí ààfin, ó sáré lọ, ìyàwó rẹ̀ tún ti fẹ́ bí òmíràn.

Ọ̀sán gangan ni ọdẹ dé ààfin Yèyé Àgbàdo. Kò rí ẹnìkan. Ẹní kan ni ó rí tí wọ́n ká, tí wọ́n sì nà ró ní àárín àgbàlá. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi ìbọn rẹ̀ ti ẹní náà.

"Gbé irin yẹn kúrò ní ìhà mi," ni ẹní náà wí.

Ọdẹ́rìndé dojúbolẹ̀. Títí oòrùn fi rọlẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀, ẹní náà tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ewé kan lẹ́yìn èkejì, obìnrin gíga kan sì dúró níwájú rẹ̀, ó wọ àwọ̀ ewé, irun orí rẹ̀ rí bí wúrà.

"Ìwọ ni o jẹ àwọn ọmọ mi," ni ó wí.

"Yèyé, àwọn díẹ̀ ni."

"Ẹgbẹ̀rin àti mọ́kànlá."

"N kò kà wọ́n, Yèyé."

"Èmi ni mo bí wọn."

Ọdẹ́rìndé tún dojúbolẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní kì í ṣe nítorí òun. Ó ní ilé mọ́kànlélógún ni ó wà ní Olókùúta, ooru ni wọ́n sì ń sè nínú ìkòkò.

Yèyé jókòó. Ó ní, "Ìwọ rò pé oorun ni mò ń sùn nígbà tí mo ká bí ẹní? Wo abẹ́ ewé mi. Gbogbo rẹ̀ ẹnu ni, wẹ́wẹ́, ju ìràwọ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ afẹ́fẹ́ tí mo fi ń dàgbà. Ibẹ̀ náà ni omi ń gbà sá lọ. Bí oòrùn bá mú jù, mo ní láti pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ebi a pa mí, n kò ní ga sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò ṣú bá mi láàyè. Bí ọ̀dá bá wá pẹ́ jù, inú ilé mi a dàrú. Orí mi ni ọkọ ń gbé, ìhà mi ni ìyàwó ń gbé. Ọkọ a múra tán, a gbọn ìyẹ̀ rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀, sílẹ̀, ìyàwó ṣì ń ya irun nínú ilé. Kí ó tó yọ irun síta, ìyẹ̀ ọkọ ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń rí kùùkù tí kò ní hóró, ẹ̀yin a sì máa bú mi."

Ó wo Ọdẹ́rìndé láti òkè dé ilẹ̀. "N ó fún ọ ní irúgbìn bí o bá lè ṣe ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́. Dúró ní àgbàlá yìí lọ́la, láti ìyọ oòrùn títí di ìwọ̀ rẹ̀. Má ya ẹnu láti sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. "Èyí nìkan? Èmi tí mo bá iwin olórí mẹ́ta jà ní ọdún tí..."

"Lọ́la ni mo wí. Ṣùgbọ́n o lè bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi í sí àárín àgbàlá. Oòrùn ta á lórí, kò yanu. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, kò yanu. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ Ẹ̀wà wọlé, wọ́n ti di méjìléláàádọ́rin, wọ́n jókòó yí i ká, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Ọdẹ kan wà ní Olókùúta, ó rí ehoro, ó gun igi."

Ọdẹ́rìndé fi eyín mú etí fìlà rẹ̀.

"Kì í ṣe ehoro," ni èkejì wí. "Ọmọ ehoro ni."

Ó gé etí fìlà náà jẹ.

"Ọmọ ehoro tí ara rẹ̀ kò yá. Orí igi ni ọdẹ náà sùn mọ́jú. Ehoro ni ó bá a gbé ìbọn délé."

"Ìyàwó rẹ̀ se ẹ̀bà fún ehoro."

Omijé ń dà lójú ọdẹ. Ó mọ ìtàn náà gan-an bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìkookò ni, kì í ṣe ehoro, ẹ̀ka igi lásán ni ó sì gùn kí ó lè ríran. Ọ̀rọ̀ náà wá dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún wá, ó gbé e mì. Nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, ó ti jẹ fìlà náà tán, ó ku okùn rẹ̀.

Bí ó bá sọ ọ́ dé ibẹ̀ lábẹ́ àká, ó máa ń ní, "Ẹ kò lè ṣe é. Baba yín kò lè ṣe é." Àwẹ̀ró a ní, "Fìlà tí mo fi ọwọ́ ara mi hun!"

Yèyé Àgbàdo mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Hóró méje ni ó fún un. "Wọn kì í ṣe irú kan náà," ni ó wí. "Èyí ń fi gbòǹgbò wá omi dé orí àpáta. Èyí ń gbó ní ọgọ́ta ọjọ́, kí ọ̀dá tó gbọ́ pé ó hù. Èyí, ọkọ àti ìyàwó inú rẹ̀ kì í ṣe àṣìpàdé láéláé. Mẹ́ta wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn pọ̀, oko ni o ó ti rí i. Èyí tí ó kéré jù yìí kò mọ nǹkan kan ju kí ó pa ẹnu mọ́ lọ. Bí o bá gbìn wọ́n papọ̀, Olókùúta kò ní mọ ebi mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń fa ẹ̀mí inú irúgbìn gbẹ. Abẹ́ ahọ́n rẹ ni kí o kó wọn sí. Ọwọ́ Baálẹ̀ rẹ ni kí o tu wọ́n sí. Má ya ẹnu kí o tó débẹ̀."

Ọdẹ́rìndé kó wọn sẹ́nu, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Ẹnu rẹ̀ kún. Èyí tí ó kéré jù ń yọ́ kúrò lábẹ́ ahọ́n, ó ń bọ́ sínú ihò eyín èrìgì náà, ó ń dùn ún dé etí. Ó ń fi ahọ́n ta á jáde, ó tún ń padà. Nígbà tí ó yá, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Oṣè ti ń dúró dè é, ó ti gbá ilẹ̀ ibi tí yóò jókòó sí.

"Ọdẹ, àlọ́ mi dà? Ẹlẹ́gbẹ̀rún ẹnu?"

Ọdẹ́rìndé mọ̀ ọ́n wàyí. Ọ̀rọ̀ náà ń jó lórí ahọ́n rẹ̀, hóró méje ni ó sì dènà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọwọ́, ó já ewé kan lórí Oṣè fúnra rẹ̀, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè, ó tọ́ka sí i, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

Oṣè wò ó, ó wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ta jáde ní ìdodo rẹ̀. "O kò sọ̀rọ̀, o sì já a! Kọjá. Ṣùgbọ́n ó dùn mí o. Mo ti fẹ́ jókòó."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, ni ó yọ sí Olókùúta. Ìkúukùu dúdú ti ń kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Àwọn tí ó wà lọ́nà oko rí i.

"Ọdẹ́rìndé! Ẹ kú ìrìn o!"

Ó juwọ́.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ṣé kò sí?"

Ó mi orí, ó yára ẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó, ó ti di ọ̀gá. Ó lọ sí igbó ọjọ́ méjìlá péré, kò lè kí ènìyàn mọ́!"

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó fara dà á. Ẹni tí ó ti jẹ odindi fìlà, èébú kò lè pa á. Ilé Baálẹ̀ ti ń hàn. Igba ẹsẹ̀ bàtà ni ó kù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì lọ síbẹ̀, ó gba iwájú ilé Ìyá Ìsàlẹ̀.

Ìyá náà jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé, adìẹ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Áà! Ọkọ ọmọ mi! Ẹ kú àbọ̀ o."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ wọ inú iyẹ̀pẹ̀. Ó dìde, ó fẹ́ kọjá.

"Mo ní ẹ kú àbọ̀."

Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ùn-ùn," ni ó fi imú wí.

"Ùn-ùn? Èmi ni o ń kùn sí bí ẹlẹ́dẹ̀?" Ìyá Ìsàlẹ̀ dìde, ó gbá ọwọ́ mọ́ra. "Ẹ gbà mí o! Ó jẹ irúgbìn ìlú, mo dákẹ́. Ó fi ebi pa ọmọ mi, mo dákẹ́. Èmi ìyá ìyàwó rẹ̀ kí i, ó ń kùn! Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Di ẹrù rẹ!"

Àwẹ̀ró sáré jáde. Àwọn aládùúgbò jáde. Ọdẹ́rìndé tọ́ka sí ẹnu, ó tọ́ka sí ilẹ̀, ó tọ́ka sí ojú ọ̀run, ó fi ọwọ́ ṣe bí àgbàdo ti ń hù.

Ẹnìkan ní, "Orí rẹ̀ ti dàrú."

"Orí rẹ̀ kò dàrú," ni Ìyá Ìsàlẹ̀ wí. "Ìgbéraga ni. Mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta, níwájú gbogbo ayé, lẹ́yìn èyí ilé rẹ ti tú. Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú àbọ̀."

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ti panu mọ́ fún oòrùn, ó ti panu mọ́ fún òùngbẹ, ó ti panu mọ́ fún ìtàn ehoro, ó ti panu mọ́ níwájú Oṣè. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá tí a kọ́ dáadáa bí tí àna rẹ̀ yóò kí lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò dákẹ́? Ara rẹ̀ ni ó dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

"Ẹ kú ilé o, ìyá wa!"

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Hóró mẹ́fà fò jáde, wọ́n tàn nínú oòrùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Adìẹ Ìyá Ìsàlẹ̀, tí kò tíì rí hóró kan láti oṣù kẹrin, kò béèrè ti ẹni tí wọ́n jẹ́. Kó, kó, kó. Mẹ́fà.

"Ẹ mú adìẹ yẹn!" ni Ọdẹ́rìndé ké. "Gbogbo wa ni ó gbé mì!"

Gbogbo abúlé dìde sí adìẹ kan. Ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ Baálẹ̀ kọjá, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó já sí gbangba. Ó sì dúró ní gbangba náà, ó ń gbọn ìyẹ́, inú rẹ̀ dùn. Àwòdì ti ń yí lókè láti ìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́ wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn. Ìyá Ìsàlẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Adìẹ mi ni o fẹ́ yìnbọn fún?"

"Ìyá wa, àwòdì ni!"

"Adìẹ mi ńkọ́, tí ó wà lọ́wọ́ àwòdì?"

Ó yìn ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti sọ fún wọn pé òun yin ẹyẹ mẹ́ta lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù kan. Ewé kan ni ó já bọ́ láti orí igi. Àwòdì kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Ọdẹ jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Oṣè títí dé abẹ́ ahọ́n, kò sì fi irọ́ kan kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ lé orí. "Kí ló dé tí o kò wí?" ni ó ní, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí.

Baálẹ̀ Olóyèdé tẹ̀ ba lé e. "Hóró mélòó ni o ní ó fún ọ?"

"Méje, baba."

"Adìẹ jẹ mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Ya ẹnu."

Àwẹ̀ró ni ó fi ìlarun tí ó fi ń la irun yọ ọ́ nínú ihò eyín náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo abúlé sì rọ̀gbà yí ẹnu kan ká. Hóró kan, ó ṣì tutù. Èyí tí ó kéré jù ni.

Ìdí àmù ni wọ́n gbìn ín sí, níbi tí omi ń kán sí. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí àgbàdo náà yọ ọkọ lórí, Ọdẹ́rìndé rántí ọ̀rọ̀ Yèyé, ó sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ó ń gbọn ìyẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi ra irun ìyàwó. "Ẹ pàdé, ẹ pàdé," ni ó ń wí, "kí ẹnìkan má dúró ya irun." Odindi kan ni ó so, pẹ̀lú igba hóró ó lé mẹ́rìnlá. Àwa kò tú ká. Láti ara rẹ̀ ni gbogbo àgbàdo Olókùúta ti wá títí di òní. Ẹ wò ó lọ́sàn-án ọdún ọ̀dá, ẹ ó rí i tí ó ká bí ẹní, tí ó panu mọ́, tí kò kú.

Wọn kò yọ eyín Ọdẹ́rìndé. Baálẹ̀ ni kò gbà.

Àgbàdo tí ń fi gbòǹgbò wá omi dé orí àpáta, a kò ní in. Èyí tí ń gbó ní ọgọ́ta ọjọ́, a kò ní in. Èyí tí ọkọ àti ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe àṣìpàdé, a kò ní in. Mẹ́ta yòókù, a kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Àwòdì gbé wọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1958, pẹ̀lú adìẹ kan ṣoṣo tí Ìyá Ìsàlẹ̀ ní.